Ọba Kì í Pé Méjì Láàfin: Ẹ̀kọ́ lórí Ìdàpọ̀ Ẹyin àti Àtọ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ nínú Ìgò

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó ṣe bí ọ̀ṣọ́ ni òun ń ṣe. Òwe yìí fi hàn pé ojú ẹ̀gàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo ẹran náà. Àwọn kan kì í jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀sìn, àwọn mìíràn kì í jẹ ẹ́ nítorí ẹrẹ̀ tí ó ń yí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Ìbógùn, tàbí tí ó bá dé Òkè-Àró níbi tí Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìpínlẹ̀ Èkó ti pààlà, yóò rí i pé owó ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn òbí mìíràn fi ń rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé.

Ní 2020, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà wọ Òkè-Àró. Ẹlẹ́dẹ̀ kú lọ súà. Ẹni tí ó jí ní àárọ̀ tí ó ní agbo kún ọgbà, kí oṣù tó parí, ọgbà òfìfo ni ó kù fún un. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 1996 ni àìsàn náà jà ní Côte d'Ivoire. Nígbà tí ó di 1997, ó ti dé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì ti sọdá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Àìsàn náà kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ó lè wo ẹlẹ́dẹ̀ tí ó bá ti mú.

Ẹni tí àgbo rẹ̀ parun ní láti tún irúgbìn wá. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìyá kan tí ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìbógùn dá wa dúró lójú ọ̀nà, tí ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Yunifásítì, mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìgò. Kí ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kí ni ó ṣòro níbẹ̀? Èrè wo ni èmi yóò sì rí níbẹ̀?” Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a ó Lò

Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́. Àwa náà kò lè sá fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo yàn nìyí:

(i) Àtọ̀ àti ọmọ-àtọ̀: Àtọ̀ ni omi tí ó ń jáde lára akọ. Ọmọ-àtọ̀ ni àwọn ẹ̀dá kéékèèké onírù tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà, tí ojú lásán kò lè rí. Bí a kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ yìí kò lè yé wa.

(ii) Ẹyin: Kì í ṣe irú ẹyin adìyẹ. Ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ ní fífẹ̀. Ó ní ìbòrí kan yí i ká, èyí tí mo pè ní èèpo ẹyin.

(iii) Ilé-ẹyin, ọ̀nà-ẹyin àti ilé-ọmọ: Ilé-ẹyin ni ẹyin ti ń gbó, nínú àwọn àpò omi kéékèèké. Ọ̀nà-ẹyin ni ó ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ọmọ-àtọ̀ ti ń pàdé rẹ̀. Ilé-ọmọ ni oyún ń gbé títí di ọjọ́ ìbímọ.

(iv) Ọlẹ̀: Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn àgbà tipẹ́ fún ohun tí ó wà nínú aboyún. Mo yá a lò fún ẹyin tí ọmọ-àtọ̀ ti wọ̀, tí ó ti ń pín sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ.

Bí Ó Ti Ń Rí nínú Ara Ẹlẹ́dẹ̀

Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 sí ara wọn ni abo ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wá akọ, ó sì máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Láàárín àkókò yìí, ẹyin bíi 15 sí 25 ni ó ń já bọ́ láti ilé-ẹyin rẹ̀ sínú ọ̀nà-ẹyin. Akọ ní tirẹ̀ kì í ṣe ahun. Ní ìgbà kan ṣoṣo tí ó bá gun abo, àtọ̀ rẹ̀ lè tó 200 sí 300 mìlílítà, ọmọ-àtọ̀ inú rẹ̀ sì lè tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Bí ènìyàn bá gbọ́ iye yìí, yóò rò pé ogun ni ó dó ti ẹyin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara abo dà bí asẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ-àtọ̀ náà ń ṣàn padà jáde, ara abo sì ń pa ọ̀pọ̀ mìíràn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà-ẹyin ń dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ó dúró ní ojúde ọba. Ibẹ̀ ni a ti ń tú wọn sílẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Kódà, ọmọ-àtọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè wọ ẹyin: ó ní láti kọ́kọ́ gbé inú ara abo fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó múra tán. Ní 1951 ni M. C. Chang ní Amẹ́ríkà àti C. R. Austin ní Ọsirélíà rí òtítọ́ yìí, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀.

Nígbà tí ọmọ-àtọ̀ kan bá wọ ẹyin, ẹyin náà a tú àwọn hóró kéékèèké tí ó fi pamọ́ sí abẹ́ ara rẹ̀ jáde. Ohun tí ó wà nínú àwọn hóró yìí ni ó ń yí èèpo ẹyin padà tí ẹlòmíràn kò fi ní rí ọ̀nà wọlé. Bí ọba bá ti gorí ìtẹ́, a ti ilẹ̀kùn ààfin nìyẹn. Ọba kì í pé méjì láàfin.

Bí A Ti Ń Ṣe É nínú Ìgò

Ní 1959 ni Chang yìí kan náà fi ehoro fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a lè da ẹyin àti ọmọ-àtọ̀ pọ̀ nínú ìgò kí ó sì di ọmọ. Ní 1978, a bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni àkọ́kọ́ tí a ti ipa báyìí bí. Ní ilẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ, ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ti Èkó ní ìlú Ìdí-Àràbà, ní ọdún 1980 sí 1989. Nítorí náà, kì í ṣe nǹkan àjèjì pátápátá sí wa.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ní 1978, àwọn onímọ̀ kan ní Japan, tí A. Iritani wà lára wọn, fi hàn pé ọmọ-àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lè wọ ẹyin nínú ìgò. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 1985 sí 1986 kí W. T. K. Cheng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge tó rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ bí láti ipa rẹ̀. Ẹyin tí ó gbó nínú ara abo ni wọ́n lò. Ní 1989, M. Mattioli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì lọ síwájú sí i: ẹyin tí ó gbó nínú ìgò ni wọ́n lò ní tiwọn.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ lónìí nìyí:

(i) A ó lọ sí odò ẹran, a ó gba ilé-ẹyin lára abo tí wọ́n pa, a ó sì gbé e sínú omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tutù, nítorí òtútù tètè ń ba ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́.

(ii) A ó fi abẹ́rẹ́ fa ẹyin jáde láti inú àwọn àpò omi tí wọ́n fẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 6.

(iii) A ó gbé ẹyin náà sínú omi ìtọ́jú tí ó ní họ́mọ́ọ̀nù nínú, kí ó lè gbó fún wákàtí 40 sí 44.

(iv) A ó fọ ọmọ-àtọ̀, a ó kà á, a ó sì da á pọ̀ mọ́ ẹyin nínú ẹ̀rọ amóoru. Ìgbóná rẹ̀ tó nǹkan bí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ara ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀.

(v) Ọlẹ̀ yóò gbé inú omi ìtọ́jú mìíràn fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, a ó gbé e sínú abo tí yóò gbé oyún rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe inú ìgò ni oyún ń gbé. Ọjọ́ mélòó kan péré ni ìgò ní nínú rẹ̀, abo ni ó ni ìyókù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà kò fi lè mú kí a má sin ẹlẹ́dẹ̀ dáadáa.

Ibi tí Ìṣòro Wà

Àkẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí yóò rò pé bí ọmọ-àtọ̀ yóò ti ṣe wọ ẹyin ni ìṣòro. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni. Wíwọlé kò ṣòro. Bí a ó ti ṣe dá ẹnì kejì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni iṣẹ́. Nínú ìgò, kò sí asẹ́, kò sí ojúde tí ọmọ-àtọ̀ yóò ti dúró de ìpè. Gbogbo wọn ni ó ń rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin náà kò kọjá nínú omi ọ̀nà-ẹyin tí ì bá mú èèpo rẹ̀ le. Kí hóró ìdènà tó ṣiṣẹ́ tán, ọmọ-àtọ̀ méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́wàá, ti wọlé. Ní ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí, ẹyin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí máa ń ju ìdajì gbogbo ẹyin tí ọmọ-àtọ̀ wọ̀ lọ. Ìṣòro yìí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára màlúù.

Ohun tí ó burú jù ni pé ojú lè tàn wá. Ẹyin tí ọmọ-àtọ̀ méjì wọ̀ lè pín sí méjì, kí ó pín sí mẹ́rin, kódà kí ó dàgbà dé ibi tí a ti ń gbé ọlẹ̀ sínú abo. Ẹni tí ó ń wò ó yóò máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ogún tí ó gbà lọ́dọ̀ bàbá ti pọ̀ ju èyí tí ó yẹ lọ, oyún náà kò sì ní dúró. Bẹ́ẹ̀ abo ẹlẹ́dẹ̀ kì í gbé oyún ọmọ kan tàbí méjì: bí ọlẹ̀ tí ó wà láàyè nínú rẹ̀ kò bá tó mẹ́rin ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlá, gbogbo rẹ̀ ni ó sábà máa ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Àkẹ́kọ̀ọ́ A da ọmọ-àtọ̀ púpọ̀ sórí 100 ẹyin. Ọmọ-àtọ̀ wọ 80 nínú wọn, ṣùgbọ́n ju ẹyọ kan lọ ni ó wọ 48. 32 péré ni ó dára. Ká ní Àkẹ́kọ̀ọ́ B da ìwọ̀nba díẹ̀ sórí 100 tirẹ̀. Ọmọ-àtọ̀ wọ 60, ju ẹyọ kan lọ sì wọ 18. 42 ni ó dára. Bí a bá ní kí a ka iye tí ọmọ-àtọ̀ wọ̀ nìkan, A ni yóò gba ipò kìn-ín-ní. Bẹ́ẹ̀ B ni ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí B má ṣe àṣejù: bí ó bá tún dín in kù jù, ọ̀pọ̀ ẹyin ni kò ní rí ọmọ-àtọ̀ kankan. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà tí A Fi Ń Tún Un Ṣe

Kí ẹyin gbó tinú-tòde: Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹyin máa ń gbó ní ojú lásán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò gbó. Bí orí ọmọ-àtọ̀ bá wọ inú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, kò ní lè tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé bí a bá fi èròjà tí à ń pè ní cysteine sínú omi ìtọ́jú, ara ẹyin a le sí i. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà fi èròjà ìdàgbàsókè mẹ́ta kún omi náà, wọ́n sì ròyìn pé àṣeyọrí iṣẹ́ wọn di ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ọmọ-àtọ̀ wá ní ìwọ̀nba: Àwọn kan máa ń da ọmọ-àtọ̀ àti ẹyin pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wọn a sì gbé ẹyin lọ sínú omi mìíràn tí kò sí ọmọ-àtọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ó ti lẹ̀ mọ́ èèpo ẹyin yóò parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a jẹ́ kí ọmọ-àtọ̀ lúwẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà tóóró kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹyin, kí ó lè dé ní ẹyọ-ẹyọ, kí aláìlera sì kù sí ọ̀nà.

Kí a ṣọ́ra fún ohun tí ń ta ọmọ-àtọ̀ jí: Kaféènì, èyí tí ó wà nínú obì àti kọfí, wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi sínú omi ìdàpọ̀, kí ó lè ta ọmọ-àtọ̀ jí. Bí obì ti ń lé oorun lójú ọlọ́dẹ ni ó ń ṣe fún un. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni yóò rọ́ lu ilẹ̀kùn. Ohun tí a fi ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́ tún lè di ohun tí ó ń bà á jẹ́.

Kí a kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀nà-ẹyin: Ní 2008, Pilar Coy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Murcia, ilẹ̀ Spéènì, fi hàn pé bí a bá kọ́kọ́ fi omi ọ̀nà-ẹyin wẹ ẹyin, èèpo rẹ̀ a le, ẹyin tí ọmọ-àtọ̀ kan ṣoṣo wọ̀ a sì pọ̀ sí i. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ohun tí a ti ń gbójú fò, omi lásán tí ẹyin ń gbà kọjá, ni ó ni àṣírí ilẹ̀kùn.

Kí ilé ọlẹ̀ dára: Ní 2002, K. Yoshioka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ròyìn omi ìtọ́jú tí a mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, wọ́n sì rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ bí láti inú rẹ̀. Ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni a lè tún ṣe lọ́la.

Èrè Wo ni Ó Wà níbẹ̀ fún Wa?

A kò gbọdọ̀ tan ìyá wa ará Ìbógùn jẹ. Ìdàpọ̀ inú ìgò kì í ṣe oògùn ibà ẹlẹ́dẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ àrùn ni a lè fọ̀ kúrò lára ọlẹ̀, tí a fi lè gbé irú ẹran láti ibì kan dé ibòmíràn láìgbé àrùn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti rí i pé fáírọ́ọ̀sì ibà ẹlẹ́dẹ̀ yìí ń lẹ̀ mọ́ èèpo ẹyin ẹlẹ́dẹ̀, fífọ̀ nìkan kò sì tó láti ṣí i kúrò. Ọgbà tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, bàtà tí a fọ̀ kí a tó wọlé, àjẹkù oúnjẹ tí a sè dáadáa kí a tó fún ẹlẹ́dẹ̀, àti kí a má máa yá akọ kiri láti ọgbà dé ọgbà: ìwọ̀nyí ni odi tí ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lónìí.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ yìí kò fẹ́ kí iná mànàmáná lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni ẹyin àti ọlẹ̀ fi ń gbé inú ẹ̀rọ amóoru. Bí iná bá lọ fún òru kan tí kò sí ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti bàjẹ́. Fífi ọlẹ̀ sínú yìnyín pamọ́ náà ṣòro, nítorí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹyin ẹlẹ́dẹ̀.

Síbẹ̀ èrè wà. Èkíní, ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ wa, dúdú, kékeré, tí ó lè jẹ ohunkóhun kí ó sì yè, ń dín kù bí a ti ń fi ẹlẹ́dẹ̀ funfun ilẹ̀ òkèèrè gùn ún. Abo rere tí wọ́n ti pa ní odò ẹran ṣì lè bí ọmọ bí a bá tètè gba ilé-ẹyin rẹ̀. Èkejì, ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gba àtọ̀, bí a ti ń kà á àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ìgò, ti mọ ìdajì ohun tí ó nílò láti fi àtọ̀ akọ kan fún abo mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé akọ náà fẹsẹ̀ tẹ ọgbà wọn. Ìyẹn ni ó súnmọ́ àgbẹ̀ jù lọ. Ẹ̀kẹta, ẹyin tí ó gbó nínú ìgò ni ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí àbùdá ẹlẹ́dẹ̀ padà. Ní 2022, àwọn dókítà ní Maryland ní Amẹ́ríkà fi ọkàn irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ọkùnrin kan, ó sì lo nǹkan bí oṣù méjì láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹran tí à ń fi ṣẹ̀sín ti ń yá ènìyàn ní ọkàn.

Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìbógùn, ó sì ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni yóò ṣe ẹ̀rọ amóoru tí kò ní kú bí iná bá lọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni yóò mọ ohun tí a ó gbé sínú rẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ni yóò sì sọ ọ́ kí ó yé àgbẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè dá a ṣe nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá tún pàdé ìyá wa lójú ọ̀nà Ìbógùn, èyí ni ìdáhùn mi: “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Inú ìgò ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹyin abo àti àtọ̀ akọ pàdé, ṣùgbọ́n inú abo ni oyún ń gbé. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó wọlé, bẹ́ẹ̀ èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n ń tún un ṣe ń kọ́ bí a ti ń dín èrò kù àti bí a ti ń mú ilẹ̀kùn le. Ní ti èrè, kò tí ì dé ọgbà yín, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Ẹ ti ọgbà yín dáadáa, ẹ má yá akọ ẹlòmíràn, kí ẹ sì má ta gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ dúdú yín tán, nítorí a ó padà wá béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ yín.”

Bí ìyá náà bá mi orí, tí ó ní ó yé òun, a ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Bí kò bá yé e, kí a má sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Àwa ni ìwé wa kò tí ì yé ara wa, ẹ jẹ́ kí a padà lọ kà á.